Ṣé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ máa gba ilé tá a fẹ́ rà ní Kánádà?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Surrey ní British Columbia lèmi àti ọkọ mi ń gbé, ọdún kẹfà wa rèé ní Kánádà. A ti ń tu owó jọ láti ra ilé, báńkì ti fọwọ́ sí mọ́gẹ́ẹ̀jì, ó ku ká sáìnì. Ni wọ́n bá ju fídíò kan sí grúùpù ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí WhatsApp pé kóòtù ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílé ní Richmond, ó ti kó o fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀, pé gbogbo British Columbia ló sì kàn. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ tá a sá fún ní Ìkòròdú ló tún bá wa débí, ó ní ká kó lọ sí Calgary. Ó tún ní ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, ṣé àwa la wá fẹ́ gba epo yìí sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe? Àti pé ìjọba ara ẹni tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé wọ́n fẹ́ ya kúrò lára Kánádà ni?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìdààmú. Mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá fi ọdún mẹ́fà tu owó jọ, kí fídíò ìṣẹ́jú méjì wá gba oorun lójú ẹ. Kí n tètè sọ èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ ná: kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá lé yín jáde nílé. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan kan rárá o, torí nǹkan wà, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ ní Terrace, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá British Columbia, lẹ́yìn ìyẹn mo fi bí ọdún mẹ́jọ tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ láti gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì dé láíbúrárì láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti tírítì, ìyẹn àdéhùn láàrin ìjọba àtàwọn ọmọ ìbílẹ̀, fáwọn ará ìlú. Èmi ni mo máa ń to àga tí mo máa ń pín bébà, nígbà tó yá wọ́n ní kémi náà máa sọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tá a bá dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa fi kí wa káàbọ̀, àtòyìnbó àtará Íńdíà àti Ṣáínà, àtàwa aláwọ̀ dúdú: ṣé wọ́n máa gba ilé mi ni?

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ tí ọkọ yín sọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú, torí ibẹ̀ làwa tó wá láti ìhà Èkó ti máa ń ṣìnà, èmi gan-an ṣìnà níbẹ̀ rí. Ọmọ onílẹ̀ tá a mọ̀, ó ti ta ilẹ̀ fún yín, ó ti gbowó, ó tún padà wá gba owó ìpìlẹ̀, owó déékì, owó òrùlé, tẹ́ ò bá san án ó kó jàǹdùkú wá. Nígbà míì ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ta ilẹ̀ kan náà. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ British Columbia ò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní tiwọn, ohun tí wọ́n sì ti ń sọ láti bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn nìyẹn: a ò tà á, a ò fi tọrẹ, ẹ ò bá wa ṣàdéhùn kankan, báwo ló ṣe wá di tiyín? Ìjọba ni wọ́n ń bi, wọn ò bi ẹni tó kọ́lé sórí ẹ̀. Kóòtù ni wọ́n sì ń gbé e lọ, pẹ̀lú lọ́yà àti páálí ìwé tó kún yàrá, kò sí tọ́ọ̀gì kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1763, Ọba George Kẹta ti England pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá lọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ìjọba ọba nìkan ló lè bá wọn dúnàá-dúrà, ní gbangba, lójú gbogbo wọn. Àṣẹ yẹn ò tíì kú dòní, inú kóòtù ni wọ́n ṣì ń kà á. Bí òyìnbó ṣe wá ń wọ ìwọ̀ oòrùn lọ, wọ́n ń bá àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ tọwọ́ bọ tírítì, láti 1871 dé 1921 wọ́n tọwọ́ bọ mọ́kànlá tí wọ́n fi nọ́ńbà pè. Calgary tí ọkọ yín fẹ́ sá lọ yẹn, orí ilẹ̀ Tírítì 7 ti 1877 ló wà, Edmonton wà lórí Tírítì 6, nítorí náà kò síbi téèyàn máa sá lọ ní Kánádà tí kò ní bá onílẹ̀ nílé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ré òkè Rockies kọjá báyìí, ẹ ò lè rí bébà yẹn mọ́. James Douglas tó jẹ́ gómìnà ní Vancouver Island ṣe kéékèèké mẹ́rìnlá láàrin 1850 sí 1854, ó dáwọ́ dúró. Tírítì 8 ti 1899 kan igun kan ní àríwá ìlà oòrùn. Ìyókù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ náà, òfo ni. Ìjọba kàn gé ilẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín fún wọn, ó pè é ní rìsáàfù, ó pín èyí tó kù. Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lè na okùn sí 160 éékà kó ní tòun ni, àmọ́ láti 1866 ọmọ ìbílẹ̀ tí egungun bàbá ńlá ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ọ̀hún ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí gómìnà bá dìídì fún un láṣẹ. Nígbà tí wọ́n wá ń pariwo jù, Ottawa, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, ṣòfin ní 1927 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáwó jọ gba lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn, odidi ọdún mẹ́rìnlélógún lòfin yẹn fi wà, ọdún 1951 ni wọ́n tó yọ ọ́. Mo máa ń sọ eléyìí nínú gbọ̀ngàn torí ẹnì kan máa dìde dandan pé kí ló dé tí wọn ò ti sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Wọ́n sọ̀rọ̀, òfin ló dí wọn lẹ́nu.

Àwọn Nisga'a, tí ilẹ̀ wọn wà ní àfonífojì odò Nass, bí ẹ bá wa mọ́tò jáde ní Terrace kẹ́ ẹ kọrí sí àríwá bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí débi tó dé. Àwọn ìjòyè wọn wa ọkọ̀ lọ bá ìjọba ní Victoria, olú ìlú British Columbia, ní 1887, wọ́n ní àwọn fẹ́ tírítì, ìjọba lé wọn padà. Ní 1913 wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí London, kò so èso. Ẹni tó wá gbé e lọ sí kóòtù ni Frank Calder, ọmọ wọn, tó ti wọ ilé aṣòfin British Columbia láti 1949, òun lọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ní 1973 ẹjọ́ yẹn dé Supreme Court, kóòtù tó ga jù ní Kánádà, adájọ́ méje ló jókòó. Mẹ́ta ní àwọn Nisga'a ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà, ẹ̀tọ́ ọ̀hún ṣì wà. Mẹ́ta ní wọ́n ní in lóòótọ́ àmọ́ ìjọba ti pa á rẹ́. Ẹnì keje ò tiẹ̀ dá sí i, ó ní wọn ò gbàṣẹ kí wọ́n tó pe ìjọba lẹ́jọ́. Nítorí náà Calder pàdánù. Àmọ́ ẹ ka orí adájọ́ yẹn dáadáa, mẹ́fà ló gbà pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀ kí òyìnbó tó dé, lọ́dún yẹn gan-an ni Ottawa yí ohùn padà tó ní òun ṣe tán láti jókòó bá àwọn tí kò ní tírítì sọ̀rọ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ò mọ̀. Nínú ìdájọ́ 1973 yẹn, Adájọ́ Emmett Hall to àwọn ẹjọ́ tó fi gbe ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, ẹjọ́ Èkó ni. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ló pè é. Ní 1913 ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, wọ́n ní olóyè kàn ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ẹ̀ ni, pé owó díẹ̀ ló tọ́ sí i, ó ṣe tán Dòsùnmú ti fọwọ́ sí bébà ní 1861 pé òun fi Èkó sílẹ̀ fún Ọbabìnrin. Olúwa ò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London, Herbert Macaulay tẹ̀ lé e tòun ti ọ̀pá àṣẹ Eléko, ọba Èkó, lọ́wọ́, nígbà tó di 1921 Privy Council, kóòtù tó ga jù fáwọn ìlú abẹ́ òyìnbó nígbà náà, dá Olúwa láre. Wọ́n ní pé ìlú bọ́ sábẹ́ ọba míì ò sọ pé ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé orí ẹ̀, wọ́n tún kìlọ̀ fún adájọ́ òyìnbó pé kí wọ́n má máa fi dandan rọ òfin ilẹ̀ England mọ́ ilẹ̀ ẹlòmíì lọ́rùn. Gbólóhùn tí wọ́n sọ nítorí Àpápá yẹn ni Nisga'a fi gbára lé nílẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìwé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Surulere lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun ẹ ṣì ń ka ẹjọ́ Olúwa? Mo ní a ń kà á o. Nítorí náà tí Yorùbá kan bá ń sọ pé àwọn eléyìí kàn fẹ́ jẹun ọ̀fẹ́ ni, mo máa ń bi í pé ṣé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni Olúwa náà wá lọ sí London.

Ẹjọ́ kejì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ti àwọn Gitxsan àti Wet'suwet'en tí wọ́n ń pè ní Delgamuukw. Ọjọ́ 374 ni wọ́n fi rojọ́ ní kóòtù àkọ́kọ́. Bí Yorùbá ṣe ní oríkì tó ń sọ ibi tí ilé kan ti ṣẹ̀ wá, odò tí wọ́n mu, òkè tí wọ́n gùn, àwọn náà ní tiwọn, adaawk ni wọ́n ń pè é, orin sì wà nínú ẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kọ ọ́. Màmá àgbà kan tó jẹ́ olóyè wà níwájú adájọ́, ó fẹ́ kọ orin tó jẹ́ ẹ̀rí pé ilé àwọn ló ni ilẹ̀. Adájọ́ ní kò sídìí tó fi máa kọ ọ́ fóun, pé etí òun ò mọ orin. Màmá yẹn kọ ọ́. Ní 1991 adájọ́ dá wọn lẹ́bi, ó ní ìtàn ẹnu lásán ò tó. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Supreme Court da ìdájọ́ yẹn nù, ó ní kóòtù gbọ́dọ̀ gba ìtàn àtẹnudẹ́nu bí ẹ̀rí, kó gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ìwé òyìnbó. Ó dùn mọ́ mi dójú ikùn, torí ìjòyè ilé wa ní Abẹ́òkúta ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ láyé ẹ̀, àmọ́ bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ààlà ilẹ̀ ẹbí láti ìdí ìrókò dé etí Ògùn, kò ní fo igi kan.

Àwọn Tsilhqot'in, ọmọ ìbílẹ̀ míì, ló wá já a gbà pátápátá, 2014, Supreme Court ní tiyín ni ilẹ̀ yìí, ó lé ní 1,700 kìlómítà níbùú lóròó. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé nínú ìtàn Kánádà tí kóòtù máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilẹ̀ kan pàtó. Wọ́n sì ti yọ ilẹ̀ àwọn aládàáni kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó débẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá ku Richmond tó lé oorun lójú yín. Oṣù kẹjọ 2025 ni ilé ẹjọ́ gíga British Columbia dá a, ìrojọ́ ọ̀hún lé ní 500 ọjọ́. Àwọn Cowichan, tí ilé wọn gangan wà ní Vancouver Island, ní abúlé kan létí odò Fraser tí wọ́n ń pè ní Tl'uqtinus, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pẹja lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba ìgbà náà ta ilẹ̀ yẹn láìbi wọ́n. Adájọ́ ní lóòótọ́ ni, wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí apá kan níbẹ̀, pé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ àti ìlú Richmond ní lórí àwọn ilẹ̀ kan nínú ẹ̀ ò dúró, àmọ́ ó fún ìjọba àti Richmond ní oṣù méjìdínlógún kí ìyẹn tó múlẹ̀. Àwọn ilé aládàáni tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Cowichan ò sọ pé kí kóòtù fagi lé ìwé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí adájọ́ sọ ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ tó fúnni ní ìwé yẹn láyé ọjọ́un, òun ló gbọ́dọ̀ jókòó bá Cowichan wá ojútùú sí i. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ìlú Richmond kọ lẹ́tà sáwọn onílé pé ọ̀rọ̀ yìí lè kàn yín, bí gbogbo ayé ṣe gbaná nìyẹn, ibẹ̀ ni fídíò yín ti jáde wá. Gbogbo wọn ló ti lọ sí àpílì, tó fi mọ́ Musqueam àti Tsawwassen tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ bíi tiwọn, táwọn náà ní àwọn làwọn ni etí odò yẹn. Kò yàtọ̀ sí ẹjọ́ ààlà tiwa. Ibi tí àpílì máa já sí, ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ sá fún un, torí adájọ́ sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ wà lórí ilẹ̀ yẹn ṣáájú ìwé onílé, ìyẹn tóbi, kò tíì sí kóòtù tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ táwọn èèyàn ń gbé. Surrey yín ò sí nínú ilẹ̀ tí wọ́n dá ẹjọ́ lé lórí. Haida ní tiwọn ò tiẹ̀ dúró de kóòtù, ní oṣù kẹrin 2024 ìjọba British Columbia bá wọn ṣàdéhùn pé tiwọn ni gbogbo erékùṣù Haida Gwaii, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ẹ̀ kedere pé ìwé àwọn onílé aládàáni dúró.

Òwe ọkọ yín gún mi lára díẹ̀, mi ò ní purọ́. Epo lájà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e ò sá lọ o, ìjọba ni, ó wà láàyè, ó lówó, ó ní ọ́fíìsì ní Victoria àti ní Ottawa, òun làwọn tó ni epo ń dì mú. Nígbà tí Nisga'a ṣe tírítì tiwọn, ilẹ̀ táwọn aládàáni ti ní ìwé lé lórí nínú àfonífojì yẹn, wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ń lọ látìgbà yẹn nìyẹn, táwọn tó ni epo bá fẹ́ ilẹ̀ aládàáni nínú tírítì, ìjọba máa ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó bá wù láti tà ni. Òfin ò ka ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó yín ra ilé lọ́jà sí olè. Àmọ́ kò wá yẹ kéèyàn máa fi epo ọ̀hún jẹṣu, kó sì máa bú ẹni tó ni ín, èyí tí mo máa ń gbọ́ láwọn grúùpù wa yẹn ló ń bà mí nínú jẹ́.

Ẹ bi mí bóyá ìjọba ara ẹni túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ ya. Rárá. Tírítì Nisga'a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2000, ọdún mẹ́tàléláàádọ́fà lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn padà ní Victoria. Wọ́n gba bí 2,000 kìlómítà ilẹ̀ níbùú lóròó, ìyẹn ò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń béèrè, wọ́n gba bí 190 mílíọ̀nù dọ́là, àti ìpín nínú ẹja salmon inú odò. Wọ́n ní ìjọba, Nisga'a Lisims ni wọ́n ń pè é, ilé aṣòfin wọn wà ní Gitlaxt'aamiks, wọ́n lè ṣòfin lórí ilẹ̀ wọn, èdè, àṣà, ẹ̀kọ́, ìlera. Àmọ́ òfin ọ̀daràn Kánádà ṣì mú wọn, ìwé òfin àgbà Kánádà ṣì ga jù wọ́n lọ, ìwé ìrìnnà Kánádà náà ni wọ́n ń mú dání. Ẹ má fi wé orílẹ̀-èdè tuntun. Ẹ má fi wé kánsù tiwa náà, torí gómìnà ò lè jí lówùúrọ̀ kó ní òun tú u ká. Ẹni tó ní wọn kì í san owó orí, inú òfin rìsáàfù àtijọ́ ni ìyẹn wà, owó tí wọ́n bá rí lórí rìsáàfù nìkan ló sì kàn. Nisga'a fi sílẹ̀ nínú tírítì tiwọn, ní 2008 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí ọjà, ní 2013 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ti owó oṣù.

Mo débẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀nà yẹn gba àárín òkúta dúdú kọjá fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, iná inú òkè ló tú jáde tó bo abúlé wọn ní bí àádọ́ta lé nígba ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń ka orúkọ abúlé yẹn fún yín bí ẹni ka orúkọ òkú ilé. Ní Laxgalts'ap, màmá kan bu epo oolichan lé ọ̀dùnkún fún mi. Ẹja kékeré ni, ìgbà òjò dídì bá ń parí ló máa ń gba odò Nass wọlé, wọ́n á da á sí kòtò kó kan fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sè é, epo á wá léfòó. Òórùn ẹ̀ dà bí ogírí tó ti lọ jìnnà, ẹ gbà mí gbọ́, tẹ́nì kan bá gbé epo yẹn lájà, kò ní dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó mú un. Màmá yẹn sọ fún mi pé abọ́ kan ṣoṣo ni Nisga'a fi ń jẹun, àwo àjọjẹ, pé ẹbí kan ò lè jókòó ti odò kó máa jẹ kí ẹbí kejì máa wò. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé ìjọba wọn lé. Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan o. Ní 2009 ilé aṣòfin wọn ṣòfin pé ọmọ Nisga'a lè ní ilẹ̀ ibi tó kọ́lé sí ní tiẹ̀ nìkan, kó fi yáwó báńkì, kó tà á pàápàá fún ẹni tó bá wù ú. Inú àwọn ọ̀dọ́ kan dùn, àwọn àgbà míì ní ṣé ilẹ̀ tá a fi ọgọ́rùn-ún ọdún jà fún lẹ fẹ́ tà fún àjèjì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí nìyẹn, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá bi mí èwo ló dáa nínú kóòtù àti àdéhùn, àdéhùn ni mo máa mú, àmọ́ mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó lọ sí kóòtù. Láti 1976 ni Ottawa ti jókòó pẹ̀lú Nisga'a, ọdún mẹ́rìnlélógún kó tó jinná. Nígbà tó di 1992 ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àtàwọn ọmọ ìbílẹ̀ jọ dá àjọ kan sílẹ̀ fún tírítì, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa mójú tó ìjókòó yẹn kó sì máa la ará ìlú lọ́yẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló tíì parí látìgbà yẹn: Tsawwassen 2009, Maa-nulth 2011, Tla'amin 2016. Láàrin ìgbà yẹn, owó tí wọ́n fi ń sanwó lọ́yà, ìjọba ló ń yá wọn, gbèsè gun orí ara wọn, àfìgbà tí Ottawa ní 2019 ní òun ti fà á ya. Ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn báyìí, tó ń rí i pé igi àti ẹja ń tán kó tó débi ìfọwọ́sí, tó bá bọ́ sí kóòtù kò jẹ̀bi. Ìṣèlú náà ń yí padà. Gordon Campbell tó pe tírítì Nisga'a lẹ́jọ́ pé kò bófin mu, tó pàdánù ní 2000, òun náà ló di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, abẹ́ ẹ̀ sì ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ti Tsawwassen. Ìbẹ̀rù máa ń dín kù téèyàn bá ti jókòó kójú ara wọn.

Ó ku ti ilé yín. Ẹ má tíì yọ owó dipósíìtì, ẹ má tíì kó lọ sí Calgary. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju fídíò yẹn lọ rèé: ẹ ní kí lọ́yà tàbí nótárì tó ń bá yín ṣe ìwé wò ó bóyá ilẹ̀ yẹn jẹ́ tẹni tó ń ta ilé pátápátá, àbí lísì ni, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n kàn fi háyà fúnni fún iye ọdún kan. Lísì wà káàkiri lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní Vancouver àti àyíká ẹ̀, ilé ibẹ̀ máa ń dín lówó, ọ̀pọ̀ wa sì máa ń rí owó tó dín yẹn tá ò ní wo ìdí ẹ̀. Ní ilẹ̀ Musqueam, àwọn kan gba lísì ọdún 99 ní 1965, ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là ni wọ́n ń san lọ́dún, nígbà tó di àkókò àtúnṣe owó, iye tí onílẹ̀ pè ga fíofío ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà dé Supreme Court ní 2000, kóòtù ní kí wọ́n dín in kù, síbẹ̀ kò padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ, inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ló wà. Lísì ò burú, èèyàn mi kan wà nínú ẹ̀ ní Tsawwassen tara ẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọdún tó ku lórí ẹ̀ àti ìgbà tí owó máa yí. Tó bá jẹ́ tẹni tó ń tà á ni pátápátá, ẹ bi báńkì yín ní tààrà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ìdájọ́ Richmond yí nǹkan kan padà nínú bí wọ́n ṣe ń yáni lówó ní àdúgbò tẹ́ ẹ fẹ́ rà sí. Tí báńkì bá ní kò yí nǹkan kan padà, tí lọ́yà náà sì ní ìwé mọ́, èmi ní tèmi máa sáìnì. Ilẹ̀ Semiahmoo, Katzie àti Kwantlen ni Surrey tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ sọ fún ọkọ yín.